Bọ́tìnnì Sítátà Katakata Àtijọ́

Lára àwọn katakata àtijọ́ kan, ìdí sítátà gan-an ni bọ́tìnnì rẹ̀ wà. Awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á dúró níwájú táyà ńlá, á wá nawọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí jíà bá ti wọlé, katakata á gbéra, á sì gorí ẹni náà. Ó ti pa èèyàn rí.

Ẹ má ṣe fa wáyà ńlá bátìrì wá sídìí sítíárì o. Bí ó bá ti gùn jù, agbára á dínkù kó tó dé sítátà. Sólẹ́nọ́ìdì ni kí ẹ dè sí ìtòsí sítátà, kí wáyà ńlá gba ibẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni yóò wá sí bọ́tìnnì tuntun níwájú ìjókòó. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì tó so mọ́ ara katakata.

Bí tiyín bá ní súìsì tí kì í jẹ́ kó sítáàtì àfi bí jíà bá wà ní fírì, irú ti Massey Ferguson 135, inú rẹ̀ ni kí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gbà. Rewaya míì á ní kí ẹ yọ ọ́ dànù, pé wàhálà ni. Ẹ má gbà fún un. Èyí tí kò bá ní in, ẹ jókòó, ẹ mi jíà wò, kẹ́ ẹ tẹ kílọ́ṣì, kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.