Oró Kọ́, Májèlé Ni

Àkeekèé a máa ta oró, oyin náà a máa ta á. Ejò a fi eyín gún ẹran ara, oró rẹ̀ á sì wọlé síbẹ̀. Nínú gbogbo èyí, ẹni tó ni oró ló gbé e wá bá ẹni tó jìyà. Májèlé yàtọ̀: ẹnu ara ẹni la fi ń gbà á. Ìdí nìyí tí gbólóhùn bíi "labalábá olóró" kò fi tọ́ létí mi. Labalábá kì í ta ni, kì í sì í bu ni jẹ. Ẹyẹ tó bá gbé e mì ni yóò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Labalábá onímájèlé ni ká pè é. Mo mọ̀ pé "oògùn olóró" ti fìdí múlẹ̀ lẹ́nu àwọn oníròyìn. Ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀, ká má sọ ọ́ di àwòkọ́ṣe.

Níbo ni labalábá ti wá rí májèlé? Ẹ wo bọmubọmu, igi kúkúrú eléwé nínípọn tó máa ń hù létí ọ̀nà àti lórí ilẹ̀ tí a pa tì, pàápàá lápá ọ̀dàn. Bí a bá já ewé rẹ̀, oje funfun á sun jáde. Oje ni orúkọ rẹ̀. Ẹ má pè é ní wàrà nítorí pé ó funfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn obìnrin Fúlàní ní Kwara àti Ọ̀yọ́ ń lò láti mú kí wàrà dì. Inú oje yìí ni èròjà kan wà tó ń da lílù ọkàn rú. Síbẹ̀, orí ewé yìí gan-an ni labalábá aláwọ̀ ọsàn kan ń yé ẹyin sí, èyí tí etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, tó sì ní àmì funfun. Danaus chrysippus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọmọ rẹ̀ á jẹ ewé náà yó, á sì dàgbà.

Ẹnìkan lè sọ pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Òwe yìí bá apá kan ọ̀rọ̀ náà mu gan-an. Ní Amẹ́ríkà, labalábá monarch, tó jẹ́ ẹbí tiwa yìí, ń jẹ milkweed, tóun náà jẹ́ ẹbí bọmubọmu. Lọ́dún 1967, Lincoln Brower àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn monarch tí wọ́n fi kábéèjì bọ́ dàgbà. Ẹyẹ blue jay jẹ wọ́n, kò sí ohun tó ṣe é. Àwọn monarch tó jẹ milkweed onímájèlé ni ẹyẹ náà jẹ tó ń bì. Ara ewé ni májèlé ti dé ara labalábá, gẹ́gẹ́ bí òwe ti wí.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí májèlé ọ̀hún kò pa labalábá fúnra rẹ̀? Òwe náà kò dé ibẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé "ó ti mọ́ ọn lára" ń sọ pé kòkòrò kan ṣoṣo ń tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ṣe é ní nǹkan mọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú ara ẹranko, ohun kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń ti sodium jáde, tó sì ń fa potassium wọlé. Òun ni májèlé yìí máa ń rọ̀ mọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ á sì dúró. Ti monarch ti yí padà níbi mélòó kan, májèlé kò fi bẹ́ẹ̀ rí ibi dì mú. Lọ́dún 2019, Noah Whiteman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Berkeley fi irú àyípadà mẹ́ta bẹ́ẹ̀ sára eṣinṣin kékeré tó ń bà lé èso, eṣinṣin náà sì ń jẹ májèlé náà láìkú. Àbímọ́ ni ọ̀rọ̀ tó yẹ. Àwọn tí a bí i mọ́ ló yè, tí wọ́n sì bímọ; àwọn yòókù kú. "Mọ́ lára" jẹ́ ti ẹnì kan láàárín ọjọ́ ayé rẹ̀, àbímọ́ jẹ́ ti ìran. Bákan náà, ẹ má sọ pé labalábá "kọ́" bí a ti ń jẹ májèlé, tàbí pé ewé "pinnu" láti gbèjà ara rẹ̀.

Lóòótọ́, àbímọ́ yìí kò sọ oje di omi. Ọ̀pọ̀ ọmọ monarch ni oje milkweed máa ń lẹ̀ mọ́ pa ní kété tí wọ́n bá jáde nínú ẹyin. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ máa ń gé iṣan ewé kí oje kọ́kọ́ ṣàn dànù, kí wọ́n tó jẹun.

Paul Ehrlich àti Peter Raven ló gbé irú àjọṣe yìí láàárín ewé àti kòkòrò kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 1964. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní "àjọyípadà". Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí a bá jọ ń lọ sọ́jà, ìrìn tìrẹ kì í yí tèmi padà. Ewé tí májèlé rẹ̀ le jù ni kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ, òun ló sì ń rí èso so; nígbà náà, kòkòrò tó lè fara da èyí tó le ló ń rí oúnjẹ, ó sì tún di ìṣòro fún ewé. Wọ́n ń yí ara wọn padà. "Ara wọn" yìí ni kò gbọdọ̀ sọnù. Ká pè é ní "ìdàgbàsókè" tún burú ju àjọyípadà lọ, nítorí kò sí èyí tó ń dàgbà ju èkejì lọ níbẹ̀.

Ó ku "fi ara wé". A mọ òwe labalábá tó fi ara wé ẹyẹ, tí kò sì lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Labalábá kan tún wà, Hypolimnas misippus, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ pápásan, ewé tí ènìyàn pàápàá ń jẹ. Abo rẹ̀ jọ labalábá bọmubọmu débi pé ẹyẹ tó ti tọ́ onímájèlé wò rí máa ń yẹra fún un. Akọ rẹ̀ kò jọ ọ́ rárá, dúdú ni, ó sì ní àmì funfun ńlá lára ìyẹ́. Ẹ má kọ ọ́ pé abo yìí "fi ara wé" ẹnikẹ́ni, nítorí kò mọ̀ pé ẹnìkan wà tóun jọ. Ẹ kọ ọ́ pé ó jọ ọ́, pé ẹyẹ ló ń ṣì í mọ̀.