Ilé-Iṣẹ́ Mẹ́rin Tí Kò Jẹ́ Kí Ooru Ṣòfò

Ẹ gbọ́ ná. Bí ẹ bá gbé omi ka iná tí ó sì hó, ṣé ẹ máa ń rí ooru tí ń tú jáde lábẹ́ ìdérí? Owó igi ìdáná yín ló ń lọ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá.

Ẹ jẹ́ kí a wo Kalundborg, ìlú kékeré kan létí òkun ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmákì. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́rin wà níbẹ̀. Èkíní ń jó èédú láti fi ṣe iná mànàmáná. Èkejì ń fọ epo rọ̀bì. Ẹ̀kẹta ń ṣe pátákó tí a fi ń bo ògiri. Ẹ̀kẹrin, Novo, ń ṣe oògùn àtọ̀gbẹ.

Ilé-iṣẹ́ mànàmáná a máa fi èédú se omi, ooru omi náà a sì máa yí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ní irú ibẹ̀, ohun tí ń ṣòfò nínú ooru èédú ju ìdajì lọ. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo pẹ̀lú a máa sun gáàsì dànù.

Ta ló yí i padà? Kì í ṣe òfin ìjọba. Ìlú kò tóbi, àwọn olórí ilé-iṣẹ́ mọ ara wọn. Ìbéèrè wọn kò ju èyí lọ: kí ni ẹnì kan ń dà nù tí ẹnì kejì lè lò?

Ní ọdún 1972, ilé-iṣẹ́ ìfọpo bẹ̀rẹ̀ sí fi páìpù gbé gáàsì lọ sí ilé-iṣẹ́ pátákó. Àwọn yẹn ń fi í gbẹ pátákó wọn. Ní 1981, ilé-iṣẹ́ mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí fi ooru ránṣẹ́ sí ilé àwọn ará ìlú, nítorí òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní 1982, ó fi ooru ránṣẹ́ sí Novo àti ilé-iṣẹ́ ìfọpo.

Àánú kọ́ ni wọ́n fi ṣe. Ẹni tó ń tà rí owó nínú ohun tí ń ṣòfò. Ẹni tó ń rà dín iná tirẹ̀ kù. Méjì méjì ni wọ́n jókòó, wọ́n kọ àdéhùn sínú ìwé, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹ rí i bí ìwé ti wúlò tó!

Ewu wà níbẹ̀ o. Bí ẹnì kan bá dáwọ́ dúró, iṣẹ́ ẹnì kejì lè dúró. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ mànàmáná fẹ́ fi èédú sílẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 2020, ó kọ́kọ́ kọ́ apá tuntun tí ń jó ègé igi, kí ooru má bàa já.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ilé-iṣẹ́ ìfọpo ń sun dànù tẹ́lẹ̀?
2. Èrè wo ni ẹni tó ń ra ooru rí?
3. Èéṣe tí wọ́n fi kọ àdéhùn sínú ìwé?
4. Kí ni ẹ ń dà nù níbi iṣẹ́ yín tí aládùúgbò yín lè lò?