KÍ ILÉ-ÌWÉ TÓ WỌLÉ: Bí a ṣe ń kéde kíláàsì ọmọ àti bí a ṣe ń gba òbí

Ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin wa, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kò le, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì. Púpọ̀ nínú wa ló ní àbúrò tí ń lọ sí ilé-ìwé. Àwọn mìíràn nínú wa ti di olùkọ́, àwọn mìíràn sì ti di òbí. Gbogbo wa la mọ bí ọjọ́ àkọ́kọ́ táàmù ṣe máa ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa. Èrò á kún ẹnu ọ̀nà ọ̀fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, ọmọ á máa sunkún, ìyá á máa béèrè pé, "Kíláàsì wo ni wọ́n fi ọmọ mi sí?" Olùkọ́ kan á sì máa pe orúkọ láàárín ariwo tí ẹnikẹ́ni kò fi ní gbọ́ ọ dáadáa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọmọ tuntun ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tí ó ń retí òun níbẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ fi yé ara wa ni pé kí a tó lè sọ pé a gba ọmọ dáadáa ní ilé-ìwé, a ní láti ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí yóò wọlé. Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ Jàpáánù, níbi tí wọ́n ti fi òfin àti ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni a ó wá bi ara wa léèrè ohun tí àwa lè mú lò.

1. ÌMÚRA TÍ KÒ PẸ́ JÙ

Ní Jàpáánù, sáà ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin, ó sì máa ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún kejì. Ọmọ tí ó bá ti pé ọdún 6 kí sáà náà tó bẹ̀rẹ̀ ni ó ń wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yóò lo ọdún 6 níbẹ̀, yóò sì lo ọdún 3 sí i ní ilé-ìwé tí ó tẹ̀ lé e. Ọdún 9 yìí jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà. Àwa náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà láti ọdún 2004.

Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá, wọn á kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí yóò wọ ilé-ìwé ní ọdún tí ń bọ̀ láti inú ìwé tí wọ́n fi orúkọ àwọn ará ìlú sí. Kí oṣù kọkànlá tó parí, wọn á ti pe àwọn ọmọ náà fún àyẹ̀wò ìlera. Dókítà á yẹ ojú wọn wò, á yẹ etí wò, á yẹ eyín wò. Kí oṣù kìíní sì tó parí, lẹ́tà á ti dé ọwọ́ òbí. Orúkọ ilé-ìwé ìjọba tí ọmọ yóò lọ àti ọjọ́ tí yóò wọlé wà nínú lẹ́tà náà.

Ẹ wo àǹfààní tí ó wà nínú èyí. Bí ọmọ kò bá ríran dáadáa, wọ́n ti mọ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí ó tó jókòó níwájú pátákó. Láàárín wa, ọmọ mélòó ni a ti pè ní olódo, tí ó sì jẹ́ pé ojú tàbí etí ló ń dà á láàmú?

2. ÌPÀDÉ ÀWỌN ÒBÍ

Lẹ́yìn lẹ́tà, ilé-ìwé fúnra rẹ̀ á pe àwọn òbí sí ìpàdé ṣáájú oṣù kẹrin. Wọn á ṣàlàyé àsìkò tí ọmọ gbọ́dọ̀ dé, ọ̀nà tí yóò máa gbà, ohun tí yóò mú dání, àti ohun tí òbí yóò ṣe bí ọmọ bá ń ṣàìsàn. Wọn á ní kí òbí kọ orúkọ ọmọ sára gbogbo nǹkan rẹ̀, títí dé orí pẹ́ńsù kọ̀ọ̀kan àti àwọn nǹkan kéékèèké tí yóò fi kọ́ ìṣirò. Ìdí ni pé kí ọmọ lè mọ ohun tirẹ̀, kí ìjà má sì ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn, inú kíláàsì ni gbogbo ọmọ ti ń jẹun ọ̀sán pọ̀, oúnjẹ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ. Àwọn ìdílé Mùsùlùmí tí ń gbé ibẹ̀ mọ̀ pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lè wà nínú rẹ̀. Òbí tí ó bá ti bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ ṣáájú lè bá ilé-ìwé ṣe àdéhùn, bóyá kí ọmọ máa gbé oúnjẹ wá láti ilé. Bí òbí bá dákẹ́ títí wọ́n fi gbé àwo síwájú ọmọ, ọmọ ọdún 6 ni yóò dá nìkan ṣàlàyé ara rẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹrù náà wúwo jù fún un.

3. ÌKÉDE KÍLÁÀSÌ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni ayẹyẹ ìwọlé máa ń wáyé. Òbí á wọ aṣọ tí ó dára, ọmọ náà á múra. Nítòsí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, wọ́n ti lẹ orúkọ gbogbo ọmọ tuntun mọ́ pátákó, kíláàsì kìíní, kejì, ìkẹta. Òbí àti ọmọ á jọ wá orúkọ náà. Ibi tí ọmọ yóò kó bàtà rẹ̀ sí, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àga àti tábìlì tí yóò lò, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fún un lọ́fẹ̀ẹ́ sì ń dúró dè é. Àwọn àgbà ọmọ ilé-ìwé, pàápàá àwọn tí ó wà ní ọdún kẹfà, ló sábà máa ń di ọwọ́ àwọn kékeré mú lọ sí kíláàsì. Níbi ayẹyẹ náà ni ọ̀gá ilé-ìwé ti ń fi olùkọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan han àwọn òbí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pín àwọn ọmọ? Wọn kì í kó àwọn tí orí wọn pé sí ọ̀kan, kí wọ́n kó àwọn tí ń falẹ̀ sí òmíràn. Bí ọdún bá ń parí, àwọn olùkọ́ á jókòó pọ̀, wọn á da ẹni tí ó yára pọ̀ mọ́ ẹni tí kò yára, ọkùnrin mọ́ obìnrin, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tí ó dákẹ́. Àwọn méjì tí ń jà ní gbogbo ìgbà, wọn á yà wọ́n. Lọ́dọọdún tàbí lẹ́yìn ọdún méjì ni wọ́n máa ń tún un pín. Nítorí náà, kò sí ìdí tí òbí yóò fi máa bẹ̀bẹ̀ fún kíláàsì kìíní, nítorí kò sàn ju ìkẹta lọ.

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tiwa ńkọ́? A mọ ohun tí "A" túmọ̀ sí, a sì mọ ohun tí "C" túmọ̀ sí. Ọmọ tí wọ́n bá fi sí "C" á gbé lẹ́tà náà délé, àwọn àbúrò á fi í ṣẹ̀sín, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Òbí tí ó bá mọ ọ̀gá á lọ bẹ̀bẹ̀, ọmọ tirẹ̀ á kọjá sí "A". Ọmọ ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni á wà níbi tí ó wà.

4. OHUN TÍ Ó KÙ DÍẸ̀ KÁÀTÓ

A kò sọ pé gbogbo tiwọn ló dára. Àpò ìwé aláwọ tí ọmọ ń gbé, tí wọ́n ń pè ní randoseru, wọ́n gan-an ni. Kíkọ orúkọ sára nǹkan jẹ́ iṣẹ́ ńlá fún ìyá tí ó ti rẹ̀ láti ibi iṣẹ́. Nítorí pé ọjọ́ ìwọlé gan-an ni wọ́n sábà máa ń lẹ orúkọ, ọmọ mìíràn kì í sùn dáadáa lóru ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ohun tí ó bá dára ni kí a mú, kí a fi èyí tí kò bá wa mu sílẹ̀.

5. OHUN TÍ ÀWA LÈ ṢE

(a) Kí ilé-ìwé lẹ orúkọ àwọn ọmọ, kíláàsì wọn àti olùkọ́ wọn síta ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó wọlé. Ìwé àti lẹ́ẹ̀dì ni ó ná wa.

(b) Kí a da àwọn ọmọ pọ̀, kí a má ṣe fi lẹ́tà kíláàsì sọ ọmọ ní orúkọ burúkú.

(d) Kí ọ̀gá ilé-ìwé pe àwọn òbí tuntun fún wákàtí kan péré ṣáájú, kí wọ́n rí kíláàsì, kí wọ́n sì mọ olùkọ́.

(e) Kí òbí lọ sí ìpàdé náà. Kí ó sọ òtítọ́ nípa ìlera ọmọ rẹ̀, kí ó má sì lọ bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Bí ilé àti ilé-ìwé ṣe nílò ara wọn nìyẹn.

(ẹ) Kí àwa ọ̀dọ́ lọ dúró níwájú pátákó ìkéde ní àdúgbò wa, kí a máa ka orúkọ fún àwọn ìyá àti bàbá wa tí kò mọ̀wé, kí a sì mú ọmọ tuntun dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀. Kí a ṣe bákan náà ní ilé-kéú wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó yẹ kí òbí sọ fún olùkọ́ kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀?
2. Báwo ni wọ́n ṣe ń pín ọmọ sí kíláàsì ní ilé-ìwé tí ó sún mọ́ ọ? Ta ni ó ń jàǹfààní rẹ̀?
3. Ta ni yóò lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé náà sọ̀rọ̀ láti inú ẹgbẹ́ wa, ọjọ́ wo sì ni?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìpàdé tú ká láìdáhùn ìbéèrè kẹta. Ó di oṣù tí ń bọ̀.