Ara Mi Ò Gba Edé, Ṣúgà Mi Sì Ti Ń Gòkè

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹja yìnyín ni mo ń tà nítòsí àwọn kóòdù-rúùmù Ìjọra. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò láàárọ̀ kí n tó jẹun, ṣúgà mi jẹ́ 114. Wọ́n ní kò tíì di àtọ̀gbẹ, àmọ́ kí n máa jẹ mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀fọ́ rírò. Bẹ́ẹ̀ láti kékeré ni ara mi ò ti gba edé: bí mo bá ti fi kan ẹnu, ètè mi á wú, ara á máa yún mi. Mọ́ínmọ́ín wo ni wọn kì í fi edé sí? Kí ni kí n wá máa jẹ?
– Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìjọra Ọlọ́pàá

ÌDÁHÙN: Ẹ má fòyà, Ìyá wa. Bí ṣúgà ẹni tí kò tíì jẹun bá wà láàárín 100 sí 125 mg/dL, ìkìlọ̀ ni. Ó di 126 sókè, kí àyẹ̀wò kejì sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí á tó pè é ní àtọ̀gbẹ. Èèyàn lè padà láti ibi tí ẹ wà yìí. Ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002 fi hàn pé àwọn tí ṣúgà wọn ti ń gòkè, tí wọ́n tún oúnjẹ wọn ṣe, tí wọ́n fọn díẹ̀, tí wọ́n sì ń fi 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́, dín ewu àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni ti ṣúgà, ti edé kò ní ìwọ̀n. Ẹ lè jẹ ẹ̀bà, kó má ṣáà ju ìkúùkù ọwọ́ yín lọ. Edé ní tirẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, kò gbọ́dọ̀ wọ ìkòkò yín, torí sísè kì í pa ohun tí ara yín ń bá jà nínú rẹ̀. Ẹ yẹra fún akàn náà, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹja yàtọ̀ sí wọn. Bí kò bá tíì ṣe yín ní nǹkan kan rí, ẹ máa jẹ ẹ́.

Ní ti mọ́ínmọ́ín, ẹ rẹ ẹ̀wà, ẹ bó o, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ nílé pẹ̀lú tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà. Ẹ̀rọ ìlọta ọjà léwu fún yín, torí ẹni tó ṣáájú yín lè ti da edé mọ́ ata tirẹ̀. Ẹ bọ Titus, ẹ yọ egungun rẹ̀, ẹ rún un sínú ẹ̀wà náà pẹ̀lú omi tí ẹ fi bọ̀ ọ́. Àárò edé ò ní sọ yín. Kí òróró mọ níwọ̀n. Ẹ má sì mu gààrí lé e: gààrí yẹn ló máa gbé ṣúgà yín gòkè, kì í ṣe ẹ̀wà.

Irú àti ẹja gbígbẹ tó fún ẹ̀fọ́ rírò. Àmọ́ orí àtẹ kan náà ni wọ́n sábà ń pàtẹ ẹja gbígbẹ àti edé sí, nítorí náà ẹ yan ẹja yín fúnra yín. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí mágì kí ẹ tó rà á. Edé wà nínú òmíràn. Ẹ pín abọ́ sọ́nà mẹ́rin: kí ẹ̀fọ́ gba méjì, kí ẹja gba ọ̀kan, kí òkèlè gba ọ̀kan. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ alátọ̀gbẹ náà á gbé ṣúgà gòkè bí ẹ bá rò ó ràbàtà.

Bí edé bá ṣèèṣì wọlé, tí ọ̀fun yín ń fún tàbí tí èémí ò já gaara, epo pupa kọ́ ni ẹ máa mu. Ẹ pe 112 tàbí 767, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún ṣúgà yẹn yẹ̀ wò.

ÌBÉÈRÈ: Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ jẹ Titus díńdín. Kò pẹ́ tí ojú àwa méjèèjì fi pọ́n, orí ń fọ́ wa, ara ń yún wa. A ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́, kò ṣe wá ní nǹkan kan rí. Ṣé kí a fi ẹja sílẹ̀ ni?
– Ọ̀dọ́kùnrin kan, Ìjọra Bàdíà

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, bí ẹni méjì bá jẹ nínú abọ́ kan, tí nǹkan kan náà sì ṣe wọ́n, ẹja yẹn gan-an ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Bí Titus, kòtè tàbí ṣàwá bá yọ́, tó sì pẹ́ nínú ooru, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí á mú kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní histamine jáde nínú ẹran rẹ̀. Ẹja náà lè má rùn rárá. Dídín kì í mú kẹ́míkà yìí kúrò, bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n dá ẹja padà sínú yìnyín nígbà tí iná bá dé kò lè tún un ṣe mọ́.

Èyí tó ṣì le gbagidi ni kí o máa rà, kì í ṣe èyí tó ti wà nínú báásì lábẹ́ oòrùn láti àárọ̀. Rà á kẹ́yìn lọ́jà, kí o sì sè é bí o bá ti délé. Síbẹ̀, má dá ara rẹ láre tàbí lẹ́bi: lọ rí dókítà, kí o sì sọ ohun tí ẹ jẹ, ìgbà tí ẹ jẹ ẹ́ àti iye ẹni tó jẹ ẹ́. Ohun mẹ́ta yẹn ló máa jẹ́ kó mọ̀ bóyá ẹja ló bàjẹ́ tàbí ara rẹ ni kò gbà á.