Nígbà Tí Ìwà Bá Yí Padà: Ohun Tí Àwòrán Ọpọlọ Lè Sọ Fún Wa

Ẹ̀kọ́ òní dá lórí àrùn kan tó máa ń tan ẹbí jẹ: frontotemporal dementia, tí àwọn dókítà ń pè ní FTD. Mo fẹ́ ká wo bí àwòrán ọpọlọ ṣe ń jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀, àti ibi tí agbára àwòrán náà mọ.

Ẹ kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ méjì dání: iwájú orí àti ẹ̀bátí. Ẹ̀bátí ni ibi tó wà láàárín ojú àti etí. Apá ọpọlọ tó wà níbi méjèèjì yìí ni FTD ń bà jẹ́. Apá iwájú ló ń jẹ́ ká lè kó ara wa níjàánu. Ti ẹ̀bátí ń jẹ́ ká mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀.

Tí àgbàlagbà bá ń gbàgbé nǹkan, a máa ń sọ pé "iyè rẹ̀ ń ra" tàbí "ó ti ń ṣarán." Ṣùgbọ́n FTD kì í sábà fi ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀. Ìwà tàbí ọ̀rọ̀ sísọ ló máa ń kọ́kọ́ yí padà. Ọmọlúàbí á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ níta. Aláàánú á di ẹni tí ẹkún ọmọ rẹ̀ kò kàn mọ́. Ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹni ọdún 45 sí 65, nígbà tí èèyàn ṣì ń ṣiṣẹ́, tó ṣì ń sanwó ilé. Àwọn kan á ní ìwà burúkú ni. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é. Kí wọ́n tó mọ̀ pé àìsàn ni, iṣẹ́ lè ti bọ́, ìgbéyàwó lè ti tú ká.

Ibẹ̀ ni àwòrán ti wúlò. Àkọ́kọ́ ni MRI, tó ń fi òòfà ńlá àti ìgbì rédíò ya bí ọpọlọ ṣe rí. Nínú FTD, apá iwájú àti ti ẹ̀bátí lè ti súnkì ju ìyókù lọ. MRI tún lè fi hàn bóyá kókó inú ọpọlọ ló fa ìyípadà náà.

Èkejì ni PET. Ṣúgà ni oúnjẹ ọpọlọ. Wọ́n á fa irú ṣúgà kan tó ń tú ìtànṣán díẹ̀ jáde sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ á sì wo ibi tó lọ. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa kò ní gba ṣúgà tó. Nínú FTD, iwájú ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Nínú àrùn Alzheimer, apá ẹ̀yìn ni. Láti ọdún 2004 ni Medicare ní Amẹ́ríkà ti ń sanwó PET fún àwọn kan, láti fi ya àrùn méjèèjì sọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì: ní Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà NICE ní kí dókítà má fún ẹni tó ní FTD ní oògùn Alzheimer bíi donepezil.

Síbẹ̀, ẹlẹ́rìí ni àwòrán, kì í ṣe adájọ́. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ gbé jáde lọ́dún 2011 fún FTD tó ń yí ìwà padà ní ìpele mẹ́ta, ẹ sì lè fi wọ́n kọ́ èdè:

"Ó lè jẹ́ òun": mẹ́ta nínú àmì mẹ́fà ti hàn.
"Ó jọ pé òun ni": àwòrán gbè é lẹ́sẹ̀, iṣẹ́ ojoojúmọ́ sì ti ń nira.
"Òun ni": àyẹ̀wò jíìnì, tàbí àyẹ̀wò ọpọlọ fúnra rẹ̀, fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, àwòrán lè mọ́ kedere kí àrùn sì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rí ará ilé fi ṣe kókó, torí aláìsàn fúnra rẹ̀ lè má rí ìyípadà kankan. Tí ẹ bá ń sin èèyàn yín lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: kí ló yí padà, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ta ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀?

FTD kò tíì ní oògùn tó ń wò ó sàn. Ṣùgbọ́n tí ẹbí bá mọ̀ pé àrùn ni, wọ́n á yé bá aláìsàn jà, wọ́n á sì tètè ṣètò owó àti ìtọ́jú. Ó dìgbà kan ná.