Bí A Ti Í Yẹ Ilẹ̀ Ọgbà Àjàrà Wò

Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọgbà àjàrà inú ìwé Wòlíì Isaiah, orí karùn-ún, yóò ti ṣàkíyèsí pé orí òkè ni a gbin àjàrà náà sí. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ lè béèrè pé, èéṣe tí onítọ̀hún kò fi lọ sí àkùrọ̀, níbi tí ilẹ̀ gbé dúdú tí omi kì í wọ́n? Ìbéèrè rere ni, ó sì yẹ kí olùkọ́ lè dá a lóhùn. Èmi kò kọ̀wé yìí láti yin ọtí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ẹkùn Burgundy ní ilẹ̀ Faransé, nítorí pé níbẹ̀ ni a gbé ti fi sùúrù yẹ ilẹ̀ àjàrà wò fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Láti ìlú Dijon kọjá ìlú Beaune ni òkè tóóró kan nà lọ sí gúúsù, Côte d'Or ni wọ́n ń pè é. Ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn. Ní ilẹ̀ òtútù bẹ́ẹ̀, èyí kì í ṣe ohun kékeré: oòrùn òwúrọ̀ a tètè mú ilẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, a sì gbẹ ìrì kúrò lára èso kí ó má bàa jẹrà. Afẹ́fẹ́ tútù pẹ̀lú wúwo. Lóru a máa ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ bí omi. Bí ìrì dídì bá sẹ̀ nígbà tí àjàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé, èyí tí ó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni í sábà kú.

Ṣùgbọ́n omi ni ọ̀rọ̀ náà gan-an. Bí ilẹ̀ bá sanra tí ó sì tutù, àjàrà a fi agbára rẹ̀ ta ẹ̀ka àti ewé, èso rẹ̀ a tóbi, a kún fún omi, ọtí rẹ̀ a sì tẹ́ lẹ́nu. Lórí ilẹ̀ olókùúta tí kò lọ́ràá púpọ̀, gbòǹgbò a wá omi lọ sísàlẹ̀, èso a kéré, adùn rẹ̀ a sì nípọn. Èèpo èso ni ó ní àwọ̀ àti òórùn ọtí pupa, bí a bá sì fi wé omi inú wọn, èèpo èso kéékèèké pọ̀ ju ti èso ńlá lọ. Síbẹ̀ bí omi bá wọ́n jù, ewé a rọ, èso kò sì ní í pọ́n. Nítorí náà ni ọlọ́gbọ́n a ṣe gbẹ́ kòtò síbi púpọ̀ kí ó tó gbin ohunkóhun: a wo bí erùpẹ̀ ti jìn tó, bí òkúta ti pọ̀ tó, àti bí òjò ti pẹ́ tó kí ó tó fà. Ẹni tí ó bá ṣi ilẹ̀ yàn kò ní í mọ̀ títí di ọdún kẹta tàbí ìkẹrin tí yóò kórè, owó rẹ̀ yóò sì ti wọlẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó yé mi jù ni ọgbà Clos de Vougeot. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ilé ìsìn Cîteaux, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1098, ni wọ́n gbìn ín, tí wọ́n sì mọ odi yí i ká tán ní 1336. Ó tó nǹkan bí éékà 125. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ wọ̀nyí a máa fi ahọ́n tọ́ erùpẹ̀ wò. Mo rò pé àsọdùn ni. Ohun tí wọ́n ní ni àkókò: bí ọ̀kan bá kú, òmíràn a gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí ẹni ìṣáájú rí kò sì sọnù. Lókè ọgbà náà, erùpẹ̀ fẹ́lẹ́ ni lórí òkúta ẹfun, omi a sì tètè fà. Nísàlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, amọ̀ jinlẹ̀, omi a sì dúró. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ ńlá 1789 ìjọba gbà á lọ́wọ́ wọn, ó tà á, lẹ́yìn náà a pín in. Lónìí àwọn tí ó ni ín ju 80 lọ. Síbẹ̀ òfin fún òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní orúkọ kan náà, tí ó jẹ́ ti ipò gíga jù lọ. Lójú tèmi, odi ni òfin náà wò, kò wo ilẹ̀, ẹni tí ó ń ra ìgò ni ó sì ń san gbèsè rẹ̀.

Irú àjàrà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ mu. Ní 1395, Philip, ọba-kékeré Burgundy, pàṣẹ pé kí a hú èyí tí a ń pè ní Gamay, kí Pinot Noir lè gbilẹ̀. Àṣẹ náà le fún tálákà, nítorí Gamay a máa so púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Gamay yìí kan náà ń ṣe dáadáa ní Beaujolais, ní gúúsù, lórí òkúta líle tí kì í ṣe ẹfun.

Ìyẹ̀wò náà kò sì tí ì parí. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìkórè Beaune láti 1354 dé 2018, tí a tẹ̀ jáde ní 2019, fi hàn pé láti 1988 ni ìkórè ti ń yá ju ti àtijọ́ lọ ní nǹkan bí ọjọ́ 13, nítorí ooru. Àwọn ilẹ̀ gíga ẹ̀yìn òkè náà, tí ó tutù jù fún àwọn baba ńlá wọn, ti ń mú èso pọ́n dáadáa nísinsin yìí, àwọn àgbẹ̀ sì tún ti ń lọ yẹ̀ wọ́n wò.