Ẹsẹ̀ ògiri

Ẹ lọ sí ẹ̀yìn ilé yín lónìí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri. Ní abúlé wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ilé alámọ̀ ṣì pọ̀. Bí òrùlé bá bò ó dáadáa, òkè ògiri kì í tètè bàjẹ́. Ìsàlẹ̀ ni àìsàn ti ń mú ilé.

Bí òjò bá ń rọ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń bọ́ sílẹ̀ láti etí òrùlé, omi rẹ̀ ń ta sí ògiri lára. Lọ́jọ́ kan, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó ti jẹ ẹsẹ̀ ògiri wọnú bí ìgbà tí eku jẹ iṣu. Ká ní ògiri yín nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Bí omi bá ti jẹ 10 níbẹ̀, 20 péré ló ṣẹ́ kù tó ń gbé ilé. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ lè wó lóru òjò, kí àwọn ọmọ sì wà nídìí rẹ̀ tí wọ́n ń sùn. Ẹ kó wọn kúrò nínú yàrá náà ná, kí ẹ fi igi tó lágbára ti òrùlé, kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri.

Ọ̀pọ̀ wa, bí a bá ti rí ihò náà, sìmẹ́ńtì la ń sáré lọ rà. Owó ńlá ni, kì í sì í pẹ́. Amọ̀ máa ń wú bó bá mu omi, ó máa ń sún kì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì kì í bá a lọ. Á sán, omi á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rọrùn fún un láti jáde. Ojú ògiri ń dán, inú rẹ̀ ń jẹrà! Ẹ fi oríkèé ìka lù ú: bó bá ń dún bí igbá òfìfo, ó ti ya kúrò lára ògiri.

Amọ̀ ni kí ẹ fi tún amọ̀ ṣe, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn àrọ̀kúrò. Ẹ ha ibi tó ti rọ̀ kúrò títí ẹ ó fi kan ibi tó le. Ẹ gbá eruku rẹ̀ dànù, kí ẹ wá fi omi wọ́n ọn. Èyí là ń gbàgbé jù. Ògiri gbígbẹ á fa omi inú amọ̀ tuntun mu, amọ̀ náà á sì bọ́.

Amọ̀ àlàpà dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ gé koríko gbígbẹ kúkurú sí i, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ tún un tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lẹ díẹ̀ mọ́ ògiri. Bó bá gbẹ tó sì sán, ẹ fi iyanrìn àti koríko kún ìyókù. Bí ihò bá jìn, ẹ fi òkúta wẹẹrẹ sínú amọ̀, kí ẹ dí i díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ kí ẹ tó lẹ òmíràn.

Ó ku omi fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ìdí ilé dà gẹ̀rẹ́ sí ìta, kí ẹ da òkúta síbi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí, kó má baà ta mọ́ ògiri. Ẹ má gbẹ́ amọ̀ nídìí ilé tí ẹ ń tún ṣe, àbí ẹ fẹ́ gbẹ́ kànga fún un? Bí ẹ bá ń kan òrùlé tuntun, ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ yọ síta tó sẹ̀ǹtímítà 60.

Ẹ dáhùn: Kí ló dé tí a fi ń wọ́n omi sí ògiri kí a tó lẹ amọ̀? Ògiri kan nípọn tó 35, omi ti jẹ 12. Mélòó ló kù?